Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí A Gbá?

Ohun tí ìgbálẹ̀ bá kó jọ láàárọ̀, ilẹ̀ ni Yorùbá ń pè é. Ilẹ̀ là ń gbá, ilẹ̀ là ń kó, ilẹ̀ là ń lọ dà sí ààtàn, ẹni tó bá sì fi kíkó rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, kólẹ̀kólẹ̀ ni. Orúkọ kan náà yìí ni a fi ń pe ilẹ̀ tí a ń kọ ebè sí, tí a ń kọ́lé lé, tí a sì ń sin àgbà sí. Èmi kò gbà pé èdè ṣàdédé fi orúkọ kan pe nǹkan méjì. Ẹni tó bá ti rí èèpo iṣu tó di ilẹ̀dú lẹ́yìn ilé mọ̀ pé ọ̀kan ló ń di èkejì, àti pé ẹ̀dá kékeré kan tí kò lójú, tí kò létí, ló ń ṣe alárinà wọn. Ekòló ni. Lóde òní, àwọn ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n mìíràn nílẹ̀ òyìnbó a máa kó ekòló sínú àpótí kí ó lè máa jẹ èèpo àti àjẹkù tó ń jáde láti ilé ìdáná wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ìmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìtàn iṣẹ́ náà kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ó tún fi ohun kan hàn tí àwọn tó ń polongo rẹ̀ kì í sábà sọ, pé ekòló kọ́ ni apá tó ṣòro níbẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ yìí bá ti yọrí, ohun tó gbé e dúró ni pé ilẹ̀ tí a gbá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, níbi iṣẹ́ tó ti jáde, kí ó tó pàdé ilẹ̀ ẹlòmíràn. Níbi tó bá ti kùnà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ibi ìpàdé náà ló ti bàjẹ́.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ ekòló sórí ìwọ̀n lọ́nà tí ayé fi gbọ́ ni Charles Darwin. Ní 1837, ó ka àpilẹ̀kọ kan níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Lọ́ńdọ̀nù. Josiah Wedgwood, àbúrò ìyá rẹ̀, ló mú un lọ wo pápá kan ní Maer, níbi tí ẹfun àti èédú tí wọ́n ti dà sórí koríko ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kàn án. Ekòló ló ń gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wá sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bò wọ́n. Ọdún 44 kọjá kí Darwin tó kó gbogbo ohun tó rí jọ sínú ìwé kan ní 1881, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Nínú ilé rẹ̀ ní abúlé Down, ó kó ekòló sínú ìkòkò. Wọ́n fọn fèrè nítòsí wọn, wọn kò mira. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò náà ka orí dùùrù tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, kíá ni wọ́n wọ ihò lọ, nítorí ìgbọ̀n tó gba inú igi wá ni ara wọn gbọ́. Ìṣirò tó sì gbé kalẹ̀ ni pé, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ gbígbẹ tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ ni ekòló ń gbé mì tí wọ́n sì ń yà sókè lórí éékà kan lọ́dọọdún. Ẹnu ya àwọn tó kà á. Ilẹ̀ olótùútù ni Darwin ti wọn èyí, níbi tí ekòló ti ń sá wọ ìsàlẹ̀ nígbà yìnyín.

Ní 1890, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Alvan Millson, olùrànlọ́wọ́ akọ̀wé ìjọba ní Èkó, gba inú ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n torí rẹ̀ rán an. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà lórí ogun Kírìjì, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tíì tú kúrò ní ibùdó, ìjọba Èkó sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi tú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún kan náà nínú ìwé ìròyìn ọgbà ewéko ọba ní Kew, ìgbẹ́ ekòló ló dá lé. Ó ní bí koríko bá ti rẹlẹ̀, ojú ilẹ̀ a kún fún ọ̀pá ilẹ̀ kéékèèké tí ekòló yà, wọ́n to ara wọn bí ọmọ ogun, àwọn mìíràn kò ga ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ, àwọn mìíràn tó íǹṣì 3. Ó há wọn kúrò ní ojú ilẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ó sì wọ̀n wọ́n. Ohun tó bá a bọ̀ ni nǹkan bí pọ́ùn 5 lórí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Ó wá ṣírò rẹ̀ pé tọ́ọ̀nù 62,233 ni ekòló ń gbé wá sókè lọ́dún kan lórí máìlì kan níbùú lóròó nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá pín in fún éékà yóò rí tọ́ọ̀nù 97, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí Darwin rí. Ní ìṣirò Millson, ọdún 27 tó fún ekòló láti gbé gbogbo ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 wá sí ojú oòrùn. Ó sì fi kún un pé àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé asán ni kí ènìyàn dá oko síbi tí ekòló kò bá ti ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo lẹ́tà náà, gbólóhùn yìí ni mo kà sí jù.

A lè bi Millson ní ìbéèrè, ó sì yẹ kí a bi í. Ìwọ̀nba ojú ilẹ̀ kékeré ló há, tó sì fi sọ ìlọ́po fún gbogbo ilẹ̀ kan tí àpáta wà, tí igbó dúdú wà, tí ọ̀dàn wà. Kò sí onímọ̀ òde òní tí yóò gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wọlé bó ṣe wà. Síbẹ̀ àwọn tó tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ ọ́ di irọ́. Ní 1969, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn, D. S. Madge, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí irú ekòló méjì tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, ó sì rí i pé iṣẹ́ wọn pọ̀ gan-an, àmọ́ àsìkò òjò ni wọ́n ń ṣe é. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ọwọ́ wọn a dá. Lẹ́yìn rẹ̀, Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn kí ó tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, fi hàn pé ilẹ̀ tí a bá fi ewé àti pòròpórò bò ni ekòló ti ń pọ̀, èyí tí a bá hó sí ìhòòhò, ekòló a sá níbẹ̀. Nítorí náà iye Millson lè ga jù, tàbí kí ó jẹ́ ti ibi tó dára nìkan. Ohun tí àgbẹ̀ sọ fún un kò ga jù. Àwọn tó ń júbà kí wọ́n tó ṣí eré a máa fi ekòló ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó kí ilẹ̀ tí ilẹ̀ sì yà fún un. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, kí ó wo oko.

Ọ̀kan nínú irú ekòló méjì tí Madge yẹ̀ wò wà lára àwọn tó tan kárí ayé jù lónìí nínú iṣẹ́ yìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Eudrilus eugeniae, Kinberg, ará Sweden, ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1867. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Bí a bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń dán bí ẹni fi àwọ̀ àyìnrín díẹ̀ pa á, ikùn rẹ̀ sì funfun jù ú lọ. Ó gùn ju ìka lọ dáadáa, kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Kì í wa ihò jíjìn. Abẹ́ ewé tó ń jẹrà ló fẹ́ràn, lójú ilẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin wà tí ooru sì wà. Ó ń bí kíákíá, ó ń jẹun púpọ̀, òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìjẹ ẹja ní Amẹ́ríkà ti sọ irú ekòló bẹ́ẹ̀ di ọjà kí ẹnikẹ́ni tó ronú ààtàn; ní ìlú Plains ní Georgia, Hugh Carter, ìbátan Jimmy Carter tó di ààrẹ, kọ́ oko ekòló tí òkìkí rẹ̀ kàn. Nígbà tí àwọn ará Filipíìnì sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ekòló yìí sọ pàǹtí di ajílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Jámánì ni wọ́n ti gbé e wá. Ekòló tó kúrò lẹ́bàá odò wa ti ní ìwé ìrìnnà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Bí ekòló bá jẹ́ tiwa, bí àwọn àgbẹ̀ wa bá sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ló dé tí kò sí ẹni tó kó o sínú àpótí nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́? Ìdáhùn wà níbi iṣẹ́ àwọn baba àti ìyá wa. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìháhá ẹyìn gbígbẹ di ògùṣọ̀ tí a fi ń dáná, tí a sì fi ń ríran lóru. Èkùrọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe àdín. Èésan tí èkùrọ́ ti kúrò nínú rẹ̀ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, nítorí iná rẹ̀ le. Bí ológì bá sẹ́ ògì, èèrí di oúnjẹ ẹran. Ẹni tó ń ṣe gàrí sá èèpo ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ wá jẹ ẹ́. Nígbà tí kòkó dé, èèpo rẹ̀ tí a sun di eérú tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń wá kiri, aláró náà sì ń wá eérú tirẹ̀ tí yóò sẹ́ omi rẹ̀ sí ẹ̀lú. Ohun tó ní orúkọ ní oníbàárà. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa mọ́ ju àwọn ará ìlú mìíràn lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ bíi èèrí, èésan àti ògùṣọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí àpótí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù ń ṣe ní ọ́fíìsì òde òní. Wọ́n ń ya nǹkan sọ́tọ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ìwọ̀nba tí kò bá ní oníbàárà ló ń dé ààtàn, ààtàn náà sì ní ẹni tó ni ín. Agbo ilé kan, ààtàn kan, lẹ́yìn ilé. Ewé iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú àdògán àti ìyẹ́ adìyẹ ni ó wà níbẹ̀; tẹ̀tẹ̀, tòmátì, ẹ̀gúsí àti ìbẹ́pẹ ń hù fúnra wọn lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbin nǹkan sí etí ilé mọ ibi tí yóò ti bu ilẹ̀dú. Ekòló ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Orí ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí, ṣùgbọ́n ààtàn ìgbà náà mọ ẹni tó ni ẹ̀gbin. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi kan àpótí.

Ẹnìkan lè sọ pé mò ń ṣe ààtàn lọ́ṣọ̀ọ́, pé eku àti eṣinṣin ni ó ń bí, pé ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lé e jìnnà. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì ní sá fún un. Bí ìlú ti ń fẹ̀ tí ilé ń fara ti ilé, ààtàn ẹ̀yìnkùlé di ewu. William MacGregor, tó jẹ́ oníṣègùn kí ó tó di gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, gbé ogun ti ẹ̀fọn àti omi adágún nítorí ibà. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbo ilé, wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi, wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ ń san owó ìtanràn. Wọ́n gba ẹ̀mí là, ẹni tó bá sọ pé wọn kò ṣe nǹkan kan kò ṣòótọ́. Àmọ́ oògùn tí wọ́n lò mú nǹkan méjì lọ pọ̀. Ó mú ìdọ̀tí kúrò nílé, ó sì mú un kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Láti ìgbà náà, èèrí ológì, irun onígbàjámọ̀, bébà akọ̀wé àti egungun alápatà bọ́ sínú ọkọ̀ kan náà, orúkọ wọn sì parẹ́. Gbogbo wọn di ìdọ̀tí. Nígbà tí ọ̀rá àti ike wá dé lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó dá wọn dúró. Ibi tí a ti da gbogbo nǹkan pọ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Àbájáde rẹ̀ wà ní Olúṣosùn ní Ọ̀jọ́ta, ààtàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1992 létí ìlú, tí ìlú sì ti yí ká báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín bo àdúgbò. Àwọn aláṣẹ LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí Èkó, a máa sọ pé ìdọ̀tí Èkó tó tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ohun tó lè jẹrà. Kò sí ekòló tó lè bá wa jẹ òkè yẹn. Bátìrì wà nínú rẹ̀, ìgò wà nínú rẹ̀, ọ̀rá omi inú ọ̀rá dí èémí rẹ̀ pa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà ní òpin àwọn ọdún 1990, tí wọ́n ń sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dojú kọ wọn ni ṣíṣa: ọwọ́ ènìyàn ló ń yọ ọ̀rá kúrò nínú ewé. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ṣáájú, ewé náà wà lọ́tọ̀ níwájú ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń já a.

Bí a ti ń gbàgbé ìyàsọ́tọ̀ yìí, àwọn mìíràn ń kọ́ ọ. Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ekòló ńlá kan ní Holland Landing ní Kánádà. Ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, Mary Appelhof, olùkọ́ ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, fi àpótí ekòló sínú ilé nítorí òtútù kò jẹ́ kí ààtàn ìta ṣiṣẹ́, ìwé tó sì kọ lórí rẹ̀ ní 1982 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé àti ọ́fíìsì fi bẹ̀rẹ̀. Ní Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Clive Edwards àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ekòló wò lórí ìgbẹ́ ẹran, èèrí ilé ọtí àti pàǹtí ilé iṣẹ́ ọ̀dùnkún. Àwọn nǹkan tí wọ́n yàn yìí yẹ kí a fojú sí: ohun tó jáde láti ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Cuba ni ó fi èyí hàn kedere jù lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lọ ṣe ẹrú nínú oko ìrèké. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n, Matanzas sì kún fún wọn. Ní 1986, ìjọba Cuba bẹ̀rẹ̀ ètò ekòló pẹ̀lú àpótí kékeré méjì. Irú ekòló méjì ló wà níbẹ̀, èkíní jẹ́ ti ilẹ̀ olótùútù, èkejì sì ni Eudrilus, ọmọ ilẹ̀ wa, tí àwọn ará Cuba ń pè ní pupa ará Áfíríkà. N kò sọ pé ọkọ̀ ẹrú ló gbé e dé. Àwọn onímọ̀ ló mú un wá, fún iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ìṣòwò Cuba pẹ̀lú Soviet wó, ajílẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé já wálẹ̀ ju ìdajì lọ, epo ọkọ̀ wọ́n, ebi dé. Nígbà tí yóò fi di 1992, ibùdó ekòló 172 ni ó wà ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ṣe tọ́ọ̀nù 93,000 ajílẹ̀ ekòló lọ́dún náà. Kí ni ekòló wọ̀nyí ń jẹ? Ìgbẹ́ màlúù láti ilé ìfúnwàrà. Èèpo èso kọfí láti ibi tí wọ́n ti ń bó o. Àti cachaza, ẹrẹ̀ dúdú tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣúgà bá ti sẹ́ omi ìrèké, tí wọ́n kó jọ òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ náà, tó rọ̀, tó ń rùn díẹ̀díẹ̀, tí ohunkóhun mìíràn kò sì sí nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ajílẹ̀ ti lọ sí oko àti sí àwọn ọgbà ẹ̀fọ́ àárín ìlú Havana.

Àwọn kan ń sọ pé àìní ló fà á, pé ẹni tí kò bá ní owó ajílẹ̀ òyìnbó ló ń wá ekòló kiri. Àìní wà níbẹ̀, kò ṣe é sẹ́. Ṣùgbọ́n àìní nìkan kò tó àlàyé, nítorí 1986 kan náà ni ìjọba Nàìjíríà gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, tí náírà já wálẹ̀, tí ohun òkèèrè gbogbo sì wọ́n gógó. Àwa náà ní àìní. A ní ekòló ju Cuba lọ, a ní àwọn onímọ̀ tó ti wọn ekòló náà ní Ìbàdàn ní ọdún 17 ṣáájú. Ohun tí Cuba ní tí àwa kò ní mọ́ ni òkìtì tí a mọ orúkọ rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, pẹ̀lú alábòójútó tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè. Àpẹẹrẹ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ síbi kan náà. Láti nǹkan bí 2010, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà Monroe ní ìpínlẹ̀ Washington ń fi àjẹkù ilé ìdáná bọ́ ekòló, ekòló náà sì ti di àìmọye mílíọ̀nù. Ilé ìdáná kan, ẹnu ọ̀nà kan, ọwọ́ tó ń ṣa á sì jẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀.

Àtakò tó wúwo jù fún ilé wa ni ti oúnjẹ. Ekòló kò fẹ́ ata, kò fẹ́ iyọ̀, òróró ń dí awọ rẹ̀ tó fi ń mí, èèpo ọsàn púpọ̀ ń kan án lára. Èwo nínú oúnjẹ wa ni kò ní ata àti epo? Kò sí. Ṣùgbọ́n kí a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ kan láàárọ̀, kí a wo ohun tó ń jáde kí ata tó wọ ìkòkò: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìtì ewédú, èèpo ẹ̀wà tí wọ́n bó fún mọ́ínmọ́ín, ewé eéran tó ya, èèpo ẹyin, ẹ̀fọ́ tó rọ. Kò sí ẹ̀kán epo kan nínú gbogbo èyí. Èyí tó bá kù lórí àwo lẹ́yìn oúnjẹ, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ ti ni ín tipẹ́, ekòló kò bá wọn du. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí oró rẹ̀ kúrò. Ní ti àrùn, ohun tó ba wolé-wolé lẹ́rù kò sí ní gbogbo ibi tí nǹkan bá ti ń jẹrà. Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Florida, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé kódà nínú ẹrẹ̀ ilé ìyàgbẹ́, ekòló dín kòkòrò àrùn kù gidigidi. Àpótí tó ní ìdérí kò ní eku, bí a kò bá ju ẹran sínú rẹ̀.

Àtakò kan tún kù tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti owó. Ní òpin àwọn ọdún 1970, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ta ekòló fún àwọn aráàlú pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò rà á padà bí ó bá bí, nígbà tó yá wọn kò rà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ tún lè dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la. Ẹni tó bá ń fi ekòló wá ọrọ̀ òjijì ti kúrò nínú ohun tí ìtàn iṣẹ́ yìí kọ́ni. Ekòló kì í ṣe ọjà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni.

Kí a ṣírò rẹ̀ fún ibi iṣẹ́ kan. Ká ní ènìyàn 60 ń jẹun nílé oúnjẹ kan lọ́sàn-án, tí èèpo tó ti ara oúnjẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan jáde sì tó ìdá mẹ́wàá kìló. Kìló 6 lójúmọ́ nìyẹn, kìló 30 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń lò ni pé ekòló ń jẹ tó ìdajì ìwúwo ara rẹ̀ lójúmọ́, nítorí náà ekòló kìló 12 yóò tó. Ìlànà Appelhof sì ni ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó fún pọ́ùn kan èèpo lọ́sẹ̀. Kìló 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́ùn 66, àyè tí gbogbo àpótí yóò gbà kò sì tó yàrá tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní 10 sí 10. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ yóò gbà á, níbi tí oòrùn kò ti ní jó o, pẹ̀lú àpò tó rin tí a fi bo orí rẹ̀ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu dé ibẹ̀ kò ju ogún ìgbésẹ̀ lọ, ẹni tó bẹ iṣu náà ni yóò sì gbé èèpo rẹ̀ lọ.